Abẹ́rẹ́ Fúlù Ọdọọdún: Ṣé Sísá fún Kádàrá Ni?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tó dá àrùn, tó sì dá ìwòsàn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun iṣáì, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé pé kí òbí fọwọ́ sí i bí ó bá fẹ́ kí wọ́n fún ọmọ ní àjẹsára fúlù ti ọdún yìí. Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì ní ásímà. Nígbà òtútù tó kọjá, fúlù yìí kan náà ló gbé e dé ilé ìwòsàn, tí ìyá rẹ̀ fi sùn lórí àga fún òru mẹ́ta. Àmọ́ ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wọn ti sọ fún un pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú oògùn náà. Ẹlòmíràn sọ pé ẹni tó bá ń gba àjẹsára lọ́dọọdún kò gbára lé Ọlọ́hun mọ́. Ó ní: “Bùọ̀dá, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?”

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá a lóhùn ní gbólóhùn kan. Mo wá rántí pé èmi kì í ṣe dókítà, olùkọ́ kéwú ni mí. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ mi ni ìtàn: ohun tí àwọn tó ṣáájú wa ṣe nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí dé bá wọn, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin náà lónìí.

Fúlù kì í ṣe ọ̀fìnkìn

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé fúlù àti ọ̀fìnkìn jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n jọra ni. Ọ̀fìnkìn a máa mú kí imú ṣomi, ènìyàn á sì tún lọ sọ́jà. Fúlù a máa dá ènìyàn gúnlẹ̀: ibà, ara ríro, orí fífọ́, ikọ́ àti àárẹ̀ tó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn á yá fúnra rẹ̀. Àmọ́ lára arúgbó, aboyún, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àti ẹni tó ní ásímà, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àrùn èémí tí fúlù ń fà máa ń pa láàrin 290,000 sí 650,000 ènìyàn lágbàáyé lọ́dún kan.

Ìlú wa náà ti rí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń parí lọ, ọkọ̀ ojú omi gbé fúlù dé èbúté Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé dé ilé láti wá àwọn tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀rù ba ará ìlú. Ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó: ọkọ̀ ojú irin gbé àwọn kan, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gbé àwọn mìíràn. Ibi tí wọ́n sá lọ ni àrùn náà bá wọn dé. Ojú irin ló tọ̀ lọ sí àwọn ìlú òkè, títí ó fi dé ilẹ̀ Haúsá. Láàrin oṣù díẹ̀, àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó pa tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní Nàìjíríà nìkan. Kò sí àjẹsára nígbà náà. Àwọn dókítà pàápàá kò tíì mọ kòkòrò tó ń fà á.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ sísá yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Umar ní ìlú Sargh

Ní nǹkan bí ọdún 18 lẹ́yìn Hijira, Umar ọmọ Khattāb, olórí àwọn onígbàgbọ́ òdodo, gbéra láti Mẹdínà, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù. Nígbà tó dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Sargh, àwọn olórí ogun wá pàdé rẹ̀, Abu Ubaydah ọmọ Jarrāh sì wà láàrin wọn. Wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ṣé kí ó tẹ̀síwájú ni àbí kí ó padà?

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣe. Kò dá ìpinnu náà ṣe. Ó pe àwọn Muhājirūn àkọ́kọ́ jọ, ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n. Ẹnu wọn kò kò. Ó pe àwọn Ansār. Ẹnu tiwọn náà kò kò. Ó wá pe àwọn àgbà Kùráéṣì tó ṣí wá ní àsìkò tí wọ́n ṣẹ́gun Mákà. Gbogbo wọn fẹnu kò pé kí ó kó àwọn ènìyàn padà, kí ó má ṣe kó wọn wọ inú àrùn. Umar kéde pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun yóò padà.

Abu Ubaydah, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí Ànábì fún ní ìró ọgbà ìdẹ̀ra, bi í bóyá kádàrá Ọlọ́hun ló ń sá fún. Ó dun Umar pé Abu Ubaydah ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun ni. Ó wá fi àpẹẹrẹ ràkúnmí yé e: bí ènìyàn bá kó ràkúnmí rẹ̀ dé àfonífojì kan tí apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí apá kejì gbẹ, èyí tó wù kó fi wọ́n jẹko sí, kádàrá Ọlọ́hun kọ́ ni?

Lẹ́yìn náà ni Abdur-Rahmān ọmọ Awf dé. Kò sí nítòsí nígbà tí wọ́n ń jíròrò. Ó ní òun ní ìmọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ náà: òun gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé bí a bá gbọ́ pé àrùn yìí wà ní ìlú kan, kí a má ṣe wọ ibẹ̀, bí ó bá sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú tí a wà, kí a má ṣe jáde láti sá fún un. Umar dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ó sì padà.

Àrùn náà ni àwọn òpìtàn ń pè ní àjàkálẹ̀ Amwās, ìlú kan ní ilẹ̀ Falasitíìnì. Ó pa ọ̀pọ̀ sàhábà. Abu Ubaydah fúnra rẹ̀ kú nínú rẹ̀, Mu'ādh ọmọ Jabal náà kú. Kí Ọlọ́hun yọ́nú sí gbogbo wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ikú wọn ṣe àléébù ìgbàgbọ́ wọn, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pípadà tí Umar padà ṣe àléébù tirẹ̀.

Ẹ wá padà sí Èkó ọdún 1918. Bí wọ́n bá ti tẹ̀lé ìdajì kejì hádíìsì yẹn, tí ẹni tó wà ní ìlú kò sá jáde, ṣé àrùn náà ì bá tètè dé àwọn ìlú òkè bẹ́ẹ̀? Ohun tí Ànábì wa kọ́ni ní nǹkan bí 1,300 ọdún ṣáájú ni àwọn dókítà ń pàrọwà rẹ̀ fún ará ìlú títí di òní.

Nítorí náà, ẹni tó sọ fún àbúrò mi pé àjẹsára ń ba ìgbáralé Ọlọ́hun jẹ́, ìbéèrè Abu Ubaydah ló tún béèrè. Umar sì ti dáhùn rẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ mọ ọgbọ́n àjẹsára?

Àwọn kan máa ń sọ pé ọgbọ́n Òyìnbó ni àjẹsára, wọ́n fẹ́ fi pa Mùsùlùmí run ni. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti wá.

Àrùn ìgbóná ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù débi pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí kan tó jẹ́ oníṣègùn, Abu Bakr ar-Rāzī, ọmọ ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà, tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, ló kọ ìwé tó fi ìyàtọ̀ hàn kedere láàrin ìgbóná àti èèyi. Àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ ìwé náà, wọ́n sì lò ó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ní ọdún 1717, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Lady Mary Wortley Montagu, wà ní ilẹ̀ Tọ́kì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ aṣojú ọba. Ìgbóná ti ba ojú òun fúnra rẹ̀ jẹ́, ó sì ti pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ní Tọ́kì, ó rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ họ ara ọmọ díẹ̀, wọ́n á sì fi oje ìgbóná tí kò le sí i. Ara ọmọ á gbóná fún ọjọ́ díẹ̀, ìgbóná kò sì ní ṣe é mọ́. Ní ọdún 1718 ó ní kí wọ́n ṣe é fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tó padà dé London, ó ṣe é fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ọdún 1721. Òun ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn ńlá ìlú Gẹ̀ẹ́sì gba ọgbọ́n náà wọlé.

Ọdún 1721 yìí kan náà ni ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Pásítọ̀ kan wà níbẹ̀, Cotton Mather, tó ní ẹrú kan tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀gá rẹ̀ ti bi í tẹ́lẹ̀ bóyá ìgbóná ti ṣe é rí. Onesimus ṣàlàyé pé ní ìlú àwọn, wọ́n ti fi díẹ̀ nínú ìgbóná sí òun lára, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó lè ṣe òun mọ́, ó sì fi àpá rẹ̀ hàn án. Nígbà tí àrùn dé, dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Boylston gbìyànjú ọgbọ́n náà lára àwọn tó lé ní 240. Mẹ́fà ló kú nínú wọn, ìyẹn bíi 2 nínú 100. Nínú àwọn tí ìgbóná mú láìṣe é, bíi 14 nínú 100 ló kú. Síbẹ̀, inú bí àwọn ará ìlú débi pé ẹnìkan ju àdó olóró wọ ilé pásítọ̀ náà. Ẹ rí i pé ìbínú sí àjẹsára ti pẹ́ láyé, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ní ọdún 1796, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Jenner, rí i pé àwọn tó ń fún wàrà màlúù, tí ìgbóná màlúù ti ràn, kì í sábà ní ìgbóná ènìyàn. Ó fi ti màlúù ṣe àjẹsára, ewu rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti àtijọ́.

Nítorí náà, àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ Tọ́kì àti ọmọ Áfíríkà kan tó wà lóko ẹrú ló fi ọ̀nà han Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an, àjẹsára, ohun tí ènìyàn jẹ sí ara de ọjọ́ ìjà, kò jẹ́ àjèjì sí àwọn baba wa. Ọgbọ́n tí a fi ránṣẹ́ ló padà wálé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọdọọdún?

Ìbéèrè yìí ló ń ru ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Àjẹsára ibà pọ́njú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a máa ń gbà á. Kí ló dé tí ti fúlù kò tán?

Ní ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì rí kòkòrò fúlù gbà jáde lára ènìyàn. Láàrin ogun àgbáyé kejì, Amẹ́ríkà ṣe àjẹsára rẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, nígbà tó sì di ọdún 1945 wọ́n fọwọ́ sí i fún ará ìlú. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí. Ní ọdún 1947, fúlù dé, àjẹsára náà kò sì rí i mú. Kòkòrò náà ti yí padà.

Ẹ wò ó báyìí: mẹ́gáàdì kan wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹ fi àwòrán olè hàn án, ó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, olè náà fá irùngbọ̀n, ó pààrọ̀ aṣọ, ó gba iwájú mẹ́gáàdì kọjá. Àjẹsára ni àwòrán tí a ń fi han ọmọ ogun inú ara wa. Ìgbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ aṣọ. Fúlù ń pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Láti ọdún 1952, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ètò tó so àwọn ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé pọ̀ láti máa ṣọ́ fúlù. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn onímọ̀ ń jókòó: ní oṣù kejì fún àwọn orílẹ̀-èdè apá òkè ayé, ní oṣù kẹsàn-án fún apá ìsàlẹ̀. Wọ́n á yan irú kòkòrò tí wọ́n rò pé yóò jà ní àsìkò òtútù tó ń bọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ á sì ṣe àjẹsára rẹ̀. Ìrònú ènìyàn ni, ó lè bọ́ sí i, ó sì lè tàsé. Ní ọdún tó bá bọ́ sí i dáadáa, ó máa ń dín ewu pé kí fúlù gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà kù ní bíi 40 sí 60 nínú 100. Ní ọdún tó bá tàsé, ó kéré sí bẹ́ẹ̀. Ó ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó ṣiṣẹ́ lára.

Mo sọ èyí nítorí pé òtítọ́ ló yẹ Mùsùlùmí. Kì í ṣe odi irin. Ẹni tó gbà á ṣì lè ní fúlù. Àmọ́ bí wọ́n bá sọ fún yín pé ojú ọ̀nà kan wà tí ewu olè ibẹ̀ fi ìdajì dín sí ti èkejì, èwo ni ẹ ó rán ọmọ yín gbà?

Ẹ̀rù wa ní ìdí

Èmi kì í bínú sí ẹni tó ń bẹ̀rù. Ìtàn ní ojú ìwé dúdú tirẹ̀.

Ní ọdún 1976, irú fúlù kan pa ọmọ ogun kan ní Amẹ́ríkà. Ìjọba bẹ̀rù pé irú ti 1918 ló tún dé, wọ́n sì sáré fún ènìyàn tó lé ní 40 mílíọ̀nù ní abẹ́rẹ́. Àjàkálẹ̀ tí wọ́n ń retí kò wá. Dípò rẹ̀, wọ́n rí i pé bí ẹnìkan nínú 100,000 àwọn tó gbà á ní àìsàn kan tó ń sọ ẹsẹ̀ àti apá di aláìlágbára. Wọ́n dá ètò náà dúró ní oṣù kejìlá ọdún yẹn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ àìsàn yìí lójú méjèèjì.

Nílé wa níbí, ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní ilẹ̀ Haúsá, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 11,000. Ilé iṣẹ́ Pfizer wá sí Kano, wọ́n dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọ: 100 gba oògùn tuntun, 100 gba èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú: márùn-ún nínú àwọn ti àkọ́kọ́, mẹ́fà nínú àwọn ti èkejì. Àwọn òbí ní wọn kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda, àti pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà. Lẹ́yìn ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ, ní ọdún 2009 wọ́n fi mílíọ̀nù 75 dọ́là yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Oògùn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, kì í ṣe àjẹsára. Àmọ́ ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tó di ọdún 2003, Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya kọ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń lọ káàkiri pé wọ́n fi oògùn àìrọ́mọbí sínú rẹ̀. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kọjá kí Kano tó gbà, ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí wọ́n kó àjẹsára wá láti Indonesia, orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí. Àmọ́ kòkòrò náà kò dúró de ìpàdé wa. Ó ti Nàìjíríà ràn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nígbà tó sì di ọdún 2005, ó dé Indonesia gan-an, ọ̀dọ̀ àwọn tó fún wa ní àjẹsára. Ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà ní ìrísí àbáláyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ìròyìn Kano dé ilé kéwú wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin méjì gbé kúlà wá láti kán àjẹsára náà sí àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́nu. Àfáà wa kò sí nílé, èmi ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn ọmọ. Mo kó gbogbo wọn sí ẹ̀yìnkùlé, mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo padà wá sí ẹnu ọ̀nà mo ní: “Kò sí ọmọdé níbí.” Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ògiri, wọ́n lọ. Mo rò pé mo ti gbèjà ẹ̀sìn. Umar, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, bi ìjọ mẹ́ta léèrè kó tó pinnu. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mi ò bi ẹnikẹ́ni, mo sì tún parọ́ mọ́ ọn. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ náà tí àrùn yẹn mú, alihamudu lilahi. Àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n mi ló gbà wọ́n.

Ali Maow Maalin

Ọmọ Mùsùlùmí kan wà ní ìlú Merca, ní Somalia, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ali Maow Maalin. Ilé ìwòsàn ló ti ń dáná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, ọkọ̀ kan gbé àwọn ọmọ méjì tó ní ìgbóná dé. Awakọ̀ kò mọ ọ̀nà, Maalin sì wọlé sínú ọkọ̀ láti júwe fún un. Ìrìn náà kò pẹ́ rárá. Kò tíì gba àjẹsára ìgbóná nígbà náà. Ilé ìwòsàn ló ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ó ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ náà yóò dun òun.

Ìgbóná mú un. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Òun sì ni ẹni ìkẹyìn lágbàáyé tí àrùn ìgbóná ràn láti ìgboro. Ní ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán láyé.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Nígbà tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń jà ní Somalia, ó fara jìn láti máa lọ bá àwọn òbí tó ń bẹ̀rù. Ó máa ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wọn, kò fi pamọ́ pé ẹ̀rù ló ba òun. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ibà mú un ní ọdún 2013, ó sì kú. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀

Ó wá ku ohun tó ń dun àbúrò mi jùlọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún un, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni èyí tí wọ́n ń fín sí imú. Jẹ́látínì wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n sè jáde lára ẹlẹ́dẹ̀, kí oògùn má baà bàjẹ́. Àmọ́ abẹ́rẹ́ fúlù kan wà tí kò ní jẹ́látínì. Òbí tí kò bá fẹ́ ti imú nítorí ẹ̀sìn lè béèrè abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ lórí jẹ́látínì. Ní ọdún 1995, àpérò àwọn onímọ̀ fíkíù àti àwọn dókítà wáyé ní Kuwait. Wọ́n ní ohun tó bá ti yí padà kúrò ní ìṣẹ̀dá rẹ̀ pátápátá, bí ọtí ṣe ń di ọtí kíkan, kò jẹ́ ẹ̀gbin mọ́, wọ́n sì ka jẹ́látínì mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé ó ti yí padà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá sí òmíràn tí ewu sì wà, ìnira sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Bí òmíràn bá wà, kí a mú òmíràn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Kò yẹ kí ẹni tó mú ọ̀kan máa pe ẹnìkejì ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Kí ni kí a ṣe?

Ní Nàìjíríà níbí, abẹ́rẹ́ fúlù kò pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn wa, ọ̀pọ̀ yín ni ẹnikẹ́ni kò ní fi lọ̀ rí. Àmọ́ bí òbí yín bá ń lọ sí Háájì, ọ̀rọ̀ náà yóò kàn yín. Àrùn yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn alálàájì ní ọdún 1987, òmíràn tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2000. Ìdí nìyí tí ìjọba Saudi fi sọ àjẹsára rẹ̀ di dandan. Ti fúlù ní tiẹ̀, wọ́n máa ń gba alálàájì nímọ̀ràn láti gbà á, pàápàá àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ní àìsàn lára. Ẹ bi dókítà bí ìyá yín tó ní àtọ̀gbẹ bá ń ra aṣọ ìhírámù.

Bí ẹ bá wà lókè òkun, ẹ wo ẹni tó wà nínú ilé yín. Ọ̀dọ́kùnrin tí ara rẹ̀ le lè rò pé fúlù kò ní ṣe òun ní nǹkan kan, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ta ló ń bá a jẹun nínú àwo kan náà? Bí arúgbó, aboyún, ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tó ní ásímà bá wà níbẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá ti gbòdì lára rẹ̀ rí, kí ó sọ fún dókítà kó tó gbà á. Ìròyìn orí WhatsApp, Ọlọ́hun ti pa wá láṣẹ kí a ṣe ìwádìí ìròyìn kí a tó fi ṣe ènìyàn lẹ́ṣẹ̀ láìmọ̀. Dúà kò tán, ọwọ́ fífọ̀ kò tán, jíjókòó sílé nígbà tí ikọ́ bá ń dà wá láàmú kò tán. Ànábì wa ní kí a so ràkúnmí, kí a sì gbára lé Ọlọ́hun. Méjèèjì ló pa láṣẹ.

Mo pe àbúrò mi ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo sọ ohun tí mo sọ fún yín yìí fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé kéwú, tí mi ò sọ fún un rí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun kò fẹ́ ti imú, abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fún ọmọ òun. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní: “Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ó bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù o, nítorí ó máa sunkún.”

Mo ní kó máa sunkún. Ẹkún ìṣẹ́jú kan sàn ju òru mẹ́ta lórí àga lọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tó ń ṣàìsàn nínú wa ní àlàáfíà, kí Ó kẹ́ àwọn tó ti lọ, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣe ni láǹfààní. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.

Was-salāmu ‘alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.